Epo, Iná àti Ilé Iṣẹ́ Ìjọba: Ìtàn Òfin Kan Láti Ẹnu Ibodè Ìfọ̀nyìn

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2018, òfin kan jáde ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2018-18, òfin lórí ìyípadà ojú ọjọ́. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba fi àṣẹ mìíràn tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá. Àṣẹ náà sọ irú gílóòbù àti irú ẹ̀rọ amúlétutù tó yẹ kí a máa tà kí a sì máa lò, ó sì ní kí a lẹ àmì mọ́ wọn lára, kí ẹni tó fẹ́ rà lè mọ bí ẹ̀rọ náà ti ń jẹ iná tó. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2020, òfin 2020-05 gba ipò òfin iná mànàmáná tó ti wà láti ọdún 2007. Lára ohun tí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lépa ni pé kí orílẹ̀-èdè dín iná tó ń jẹ kù, kí ó má sì fi gbogbo ọkàn tẹ epo tí a ń wà láti inú ilẹ̀ mọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wí ni ìjọba fúnra rẹ̀. Òun ló ni ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúnáwá káàkiri gbogbo ìlú. Bí ẹnikẹ́ni yóò bá kọ́kọ́ pa iná tí kò wúlò, òun ni. A fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe rìn kó tó kan wa ní Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, ní ẹkùn Plateau. A gbà pé ìtàn rẹ̀ yàtọ̀ bí a bá kọ ọ́ láti ẹnu ibodè wa sí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Kútọnu.

Ibodè yìí gan-an ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n fa ìlà sáàárín Àjàṣẹ́ àti Èkó. Ìlà náà la ilẹ̀ àwọn Ìfọ̀nyìn sí méjì. Àwọn kan nínú wa bọ́ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, àwọn mìíràn sì wà ní ìhà kejì títí di òní: Ìfọ̀nyìntẹ̀dó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọjà kò dá ìlà náà mọ̀, ìdílé kò sì dá a mọ̀. Lójú ẹni tó ń ti Ìgólò lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò, àbúrò ló ń lọ kí ẹ̀gbọ́n. Lójú ìjọba, ó ti jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, ohun tó bá sì gbé sórí ní láti san owó ibodè.

Nígbà náà, bí Yorùbá bá pe epo, epo pupa ni. Òun ni àwọn ará ibí ń sè, tí wọ́n ń gbé lọ sí Àjàṣẹ́ fún àwọn oníṣòwò òyìnbó, tí àwọn yẹn sì ń kó o lọ ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, tí wọ́n sì fi ń pa ẹ̀rọ lára kó lè yọ̀. Òun náà ni a ń dà sínú fìtílà amọ̀ láti fi ríran lálẹ́. Ọ̀rúndún kan ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wa nípa agbára tí kì í tán, igi ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa ló ń tan iná fún wa, ó tún ń yí ẹ̀rọ lókè òkun. Lẹ́yìn náà ni epo òyìnbó dé nínú agolo, fìtílà amọ̀ sì wọ igun ilé. Ọ̀rọ̀ náà, epo, kò yí padà; ohun tó wà nínú ìgò ló yí padà. A ń mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn tó máa ń sọ pé àṣà wa ló so wá mọ́ epo rọ̀bì. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí òmìnira dé, orílẹ̀-èdè tuntun náà ní àsíá, kò sì ní iná tirẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1968, Dahomey àti Tógò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó bí Communauté Électrique du Bénin, tí gbogbo wa mọ̀ sí CEB. Orílẹ̀-èdè méjèèjì gbà pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni yóò máa wá iná fún àwọn. Ibi tí ó ti rí i ni Gánà, níbi tí wọ́n ti sé odò Volta ní Akosombo. Láti ọdún 1972 ni iná ti ń gba orí wáyà kọjá Tógò wá bá wa. Ó dára, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ inú ọ́fíìsì ìjọba ní Kútọnu wà lọ́wọ́ òjò tó bá rọ̀ ní ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí ni ọ̀wọ́n epo kárí ayé dé, nígbà tí àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá dá epo dúró ní ìparí ọdún 1973. Ó yẹ kí a wo bí ìjọba káàkiri ti ṣe nígbà náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdí òfin tí a ń sọ wà. Ní Faransé, òfin ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 1974 gbé ọ̀rọ̀ ìṣọ́ iná kalẹ̀, wọ́n sì fi òté lé e pé ooru inú ilé kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 20 lọ nígbà òtútù. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1975 pàṣẹ fún ìjọba àpapọ̀ pé kí ó ní ètò láti dín iná kù nínú ilé tirẹ̀. Ààrẹ Carter tilẹ̀ gbé pátákó oòrùn sórí òrùlé ilé ìjọba rẹ̀ ní ọdún 1979. Ní ọdún 1986, lábẹ́ ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tú u sílẹ̀, wọn kò sì dá a padà. A kò ní fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe jù bó ti yẹ lọ. Òfin kò ṣòro láti kọ nígbà tí epo bá wọ́n. Ọjọ́ tí epo bá tún pọ̀ lọ́jà ni a ń mọ̀ bóyá ó dúró.

Ní tiwa, ọ̀nà mìíràn ni ìjọba gbà. Ìjọba Kérékou gba òwò epo kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè ní ọdún 1974, ó sì gbé e lé SONACOP lọ́wọ́. Ohun tó ń ro ni ẹni tí yóò ta epo; bí a óò ti lò ó kò sí nínú ìrònú náà. Nígbà tó di ọdún 1982, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú òkun ní Sèmè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé wàhálà ti parí. Kànga Sèmè ṣiṣẹ́ di ọdún 1998, lẹ́yìn náà wọ́n tì í.

Láàárín àkókò yìí kan náà, òmíràn ń ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá ilé wa. Epo Nàìjíríà rọjú nítorí pé ìjọba Nàìjíríà ń san lára owó rẹ̀ fún ará ìlú. Lítà kan ní Ìdí-Ìrókò kéré gan-an sí lítà kan ní ilé epo Àjàṣẹ́. Kò sí ìlà kankan lórí máàpù tó lè dá irú omi bẹ́ẹ̀ dúró kó má ṣàn. Ìjọba ológun Nàìjíríà ti ibodè pa ní ọdún 1984, wọn kò sì ṣí i tán títí di ọdún 1986. Epo náà wá ọ̀nà inú igbó. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní èdè Gùn ni kpayo, ìyẹn ni pé kì í ṣe ojúlówó. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni kpayo fi jẹ́ èyí tó pọ̀ jù lọ nínú epo tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń jó. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Ìgólò kọjá ti rí i: ìgò àti àgbá funfun lórí tábìlì, ọ̀já ìyọ́po, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ìdọ̀tí. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi alùpùpù gbé e, àwọn ìyá wa ń tà á. Owó rẹ̀ ti rán ọmọ púpọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga, iná rẹ̀ sì ti jó ọ̀pọ̀ ilé.

Ìjọba gbógun tì í lẹ́ẹ̀kan, ó tún fi sílẹ̀, ó tún gbógun tì í. Ti òpin ọdún 2012 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 le gan-an, débi pé ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ohun tí àwọn ará ibodè máa ń béèrè nígbà náà rọrùn, a kò sì rí ẹni tó dá wọn lóhùn: alùpùpù tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, epo wo ló ń mu?

Ní ti iná mànàmáná, ojú ọ̀run ló kọ́kọ́ ṣòfin fún wa. Ọ̀dá ọdún 1983 sí 1984 mú kí omi Akosombo lọ sílẹ̀ gidigidi, Gánà sì ní láti pín iná lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ti ọdún 1998 tún jọ ọ́. Nígbà tí omi bá fà, ọ́fíìsì yóò ṣókùnkùn, akọ̀wé yóò ṣí fèrèsé, dókítà yóò wá tọ́ọ̀ṣì. Kò sí òṣìṣẹ́ tó nílò àṣẹ kó tó mọ̀ pé kò yẹ kí a tan gílóòbù mẹ́fà nínú yàrá kan lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti tún rọ̀, gbogbo rẹ̀ di ìgbàgbé. Ohun tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó lówó lọ́wọ́ rí kọ́ nínú ọ̀dá yẹn ni pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ amúnáwá, kí wọ́n sì ra epo sí i. Lójú wa, àṣìṣe tó gbówó lórí jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn, nítorí pé láti ìgbà náà, bí iná kò bá sí, epo la ń jó, bí iná bá sì wà, a ń jó o bí ẹni pé kò lè lọ mọ́.

Ní ọdún 2004, ìjọba dá ABERME sílẹ̀, ilé iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú iná dé abúlé àti láti rí sí « maîtrise d'énergie ». Ó dùn mọ́ wa pé wọ́n so méjèèjì pọ̀ nínú orúkọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ náà, nítorí pé ìwé ìròyìn elédè méjì ni èyí. Báwo ni a ṣe fẹ́ pè é lédè wa? Àwọn kan ń sọ pé « ìṣàkóso agbára ». Agbára níbẹ̀ sì lè jẹ́ ti ọba, ti ológun tàbí ti oògùn. Àwa fara mọ́ « ìṣọ́náálò ». Yorùbá ti mọ bí a ti ń ṣọ́ ohun lò tipẹ́, ó sì ti ní ìṣúná tó ń pe ètò ìnáwó, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ láìfiyè sí i lè rò pé iná wà nínú rẹ̀. Kò burú bó bá rò bẹ́ẹ̀.

Lóṣù kejì ọdún 2007, wáyà ńlá láti Ikeja West ní Èkó dé Ṣakẹ́tẹ́, ìlú tó múlé ti wa. Láti ìgbà náà ni iná Nàìjíríà ti ń wọ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Apá púpọ̀ nínú iná náà wá láti inú gáàsì. Ẹ wo bó ti rí: epo ń gba orí alùpùpù wọlé ní Ìgólò láìgbàṣẹ, gáàsì tó ti di iná ń gba orí wáyà wọlé ní Ṣakẹ́tẹ́ pẹ̀lú àṣẹ, ilẹ̀ kan náà ni méjèèjì sì ti ń bọ̀. Nígbà tí Maria-Gléta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019 pẹ̀lú mẹ́gáwáàtì 127, orílẹ̀-èdè wa gbé ìgbésẹ̀ ńlá láti ní iná tirẹ̀. Gáàsì àti epo ni ilé iṣẹ́ náà ń jó síbẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa ti gbìyànjú ohun mìíràn ṣáájú. Nígbà tí ọ̀dá tún mú Gánà ní ọdún 2007, ìjọba ibẹ̀ pín mílíọ̀nù mẹ́fà gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀ fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì gba ti àtijọ́ padà. Mẹ́gáwáàtì 124 ni wọ́n ní àwọn tipa bẹ́ẹ̀ dá sí, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo Maria-Gléta. Ọdún tó tẹ̀ lé e, òfin lé gílóòbù àtijọ́, fíríìjì àlòkù àti ẹ̀rọ amúlétutù àlòkù kúrò ní ibodè Gánà. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé ilé iṣẹ́ iná kalẹ̀ fún ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Alausa ní ọdún 2013, kí gáàsì lè rọ́pò àìmọye ẹ̀rọ amúnáwá tó ń mu dísù nínú ọgbà kan ṣoṣo. Gáàsì kì í ṣe oòrùn, a mọ̀. Ohun tó wú wa lórí níbẹ̀ ni pé ìjọba náà jókòó, ó ka iye ẹ̀rọ amúnáwá tó wà nínú ilé tirẹ̀. Ní ọdún 2020, àjọ UEMOA náà gbé ìlànà méjì jáde fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó wà nínú rẹ̀: ọ̀kan lórí àmì tí yóò wà lára gílóòbù àti ẹ̀rọ tuntun, ìkejì lórí bí a óò ti máa kọ́ ilé kó má baà jẹ iná jù.

Nítorí náà, òfin tiwa kò wá láti òfìfo. Ọ̀dá wà nínú rẹ̀, Gánà wà nínú rẹ̀, owó Amẹ́ríkà náà wà nínú rẹ̀, nítorí pé àdéhùn MCA kejì tí Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, tó tó mílíọ̀nù 375 dọ́là, orí iná mànàmáná ló dá lé. Ohun tó dára ni wọ́n kọ. Ohun méjì ló ń kọ wá lóminú. Èkíní ni pé èdè Faransé nìkan ni a fi rí wọn kà. Olórí ilé ìwòsàn lè ka Faransé. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ lóru, tó sì mọ wákàtí tó fi ṣiṣẹ́ àti lítà tó mu, lè má lè kà á, òun gan-an sì ni òfin náà nílò. Èkejì ni pé ará ọjà ni ojú kọ́kọ́ ń wò nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ gílóòbù àti epo, ilé ìjọba kì í sì í sí lẹ́nu. Ẹni tó ń ta gílóòbù ní ọjà Ìgólò rọrùn láti mú ju ọ̀gá tó fi ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ lọ sí ìpàdé lọ.

Bí òfin ti ń jáde ní ìhà ìhín, ìlù mìíràn ń dún lódìkejì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Ìdí-Ìrókò kò ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Owó kpayo fò sókè lọ́tùn-ún lósì, ní Ìfọ̀nyìn, ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnu. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin kan ní Àbújá dín epo tí a ń jó kù lọ́jọ́ kan ju bí ìwé òfin ti ṣe lọ́dún márùn-ún. Àwọn tó ń ta á ló ru ẹrù náà. Kò sí ètò kankan tó ti pèsè iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ dè wọ́n. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ibi tí wọ́n kó kpayo pamọ́ sí ní Sèmè-Kraké gbiná. Ó kéré tán, ènìyàn 34 ló kú.

Láàárín gbogbo èyí, ohun tuntun kan ti bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn wa. Ní oṣù keje ọdún 2022, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ iná oòrùn ní Illoulofin, ní ilẹ̀ Pọbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Defissol. Mẹ́gáwáàtì 25 ni agbára rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú dáadáa. Ibẹ̀ kò jìnnà sí wa, èdè wa sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láti ayé fìtílà epo pupa tí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń jáde láti ilẹ̀ Nàgó fúnra rẹ̀ láìní ibodè kankan tí yóò kọ́kọ́ kọjá. Ó ní ààlà tirẹ̀: oòrùn ń wọ̀ nírọ̀lẹ́, aboyún sì ń rọbí lóru. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni ọ́fíìsì ń ṣiṣẹ́. Bí ilé kan bá wà tí oòrùn bá lákòókò mu, ilé iṣẹ́ ìjọba ni, tó ń ṣí ní àárọ̀ tó sì ń tì ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ilé ìjọba ló yẹ kí a kọ́kọ́ gbé pátákó oòrùn lé, kí owó epo tí a bá fi bẹ́ẹ̀ dá sí sì lọ sí bátìrì tí yóò máa tan yàrá ìgbẹ̀bí tí yóò sì máa mú fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára tutù mọ́jú.

Ìlú wa náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1999 ti fún àwọn ìlú ní ìgbìmọ̀ tiwọn, tí a sì dìbò yan ti àkọ́kọ́ ní ìparí ọdún 2002, ìmọ́lẹ̀ ojú pópó àti ìtọ́jú ilé ìlú wà lára iṣẹ́ wọn. Ìfọ̀nyìn, Banigbé, Daagbé, Ko-Koumolou, Lagbè, Tchaada: mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ kan. Ìpàdé ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀. Ará ìlú lè jókòó kí ó gbọ́. Kí ọdún tó parí, ìwé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ máa ń wá síwájú wọn. Nínú ìwé náà, owó iná mànàmáná wà ní ìlà tirẹ̀, owó epo ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ amúnáwá sì wà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òfin ọdún 2018 rìn dé láàárín wa, kí ó lọ jókòó níbẹ̀, kí ó fi ìlà méjèèjì wé ti ọdún tó kọjá, kí ó sì béèrè ìdí.